Kì í ṣe Spéìn ló ń bà yín lẹ́rù

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Dublin ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi nìkan ni mò ń tọ́ ọmọ méjì. Ọmọbìnrin mi ti pé ọmọ ogún ọdún, ó ń kọ́ ìmọ̀ okòwò pẹ̀lú èdè Spanish ní yunifásítì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣèèṣì rí ìwé kan lórí tábìlì, pé wọ́n ti mú ọmọ mi láti lọ kàwé fún sáà kan ní Granada, ní Spéìn, láti September títí di January. Ó ti buwọ́ lù ú láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo bi í, ó ní, "Mummy, Erasmus ni, gbogbo èèyàn ló ń lọ." Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé kí n ṣọ́ra fún oníjìbìtì. Pásítọ̀ wa ní ká gbàdúrà sí i. Ẹ̀rù ń bà mí: ọmọbìnrin, ìlú àjèjì, ọtí, àwọn ọkùnrin. Ṣé torí kí ọmọ mi tún lè lọ sí òkè òkun mìíràn ni mo ṣe wá sí òkè òkun? Ta ni yóò sì máa mú àbúrò rẹ̀ lọ síléèwé láàárọ̀? Ṣé kí n ní kó má lọ ni?
Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Dublin.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o, ẹ kú àìsùn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbọ́n yín ní Peckham kúrò nílẹ̀, torí òun ló yá jù. Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́, ohun tó mọ̀ ló sọ. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n jáde nínú Erasmus náà, ètò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń lọ kàwé fún ìgbà díẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn, wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀ ní 2021, tí wọ́n ń pè ní Turing. Ireland ò bá wọn lọ síbì kankan. 1987 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè 11 péré ló wà níbẹ̀ nígbà náà, Ireland sì wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ló lọ lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn tó ti lọ látìgbà náà ti di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Orúkọ ọ̀mọ̀wé ará Rotterdam kan ló ń jẹ́, Erasmus, ẹni tó gbé Paris, tó gbé Cambridge, tó gbé Leuven, tó wá kú sí Basel ní 1536. Alárìnkiri ni bàbá náà. Ká ní mo ti ń dáhùn lẹ́tà láyé ìgbà yẹn, bóyá ìyá tiẹ̀ náà ì bá kọ̀wé sí mi.

Nítorí náà, kì í ṣe jìbìtì, ọmọ yín ò sì fi yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ní Dublin, kò ní san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún Granada, kọ́ọ̀sì tó bá yege níbẹ̀ ni wọ́n á kà mọ́ tibí. 30 ni iye kírédíìtì tó pé sáà kan káàkiri Yúróòpù. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní learning agreement: òun á buwọ́ lù ú, Dublin á buwọ́ lù ú, Granada á buwọ́ lù ú. Ẹ ní kó gbé e wá, kí ẹ jọ kà á. Kí ẹ wá bi í pé, "Bí o bá fìdí rẹmi nínú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ọdún rẹ níbí?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn títí èsì ìdánwò á fi jáde. Ní Spéìn, inú 10 ni wọ́n ti ń fún wọn ní máàkì, ẹni tó bá gba 5 ló yege. Èdè Spanish ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, àwọn ará Andalusia, agbègbè tí Granada wà, sì máa ń gbé "s" ìparí ọ̀rọ̀ mì bí ẹni gbé òkèlè ẹ̀bà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, á máa ṣe é bíi pé kò kọ́ Spanish rí. Tó bá pè yín sunkún lásìkò yẹn, ẹ má ní "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ku ti àwọn ọkùnrin. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ní 2014, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Yúróòpù fúnra wọn ṣírò ó pé, láti 1987, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí àwọn tó pàdé ara wọn nínú Erasmus ti bí tó mílíọ̀nù kan. Wọ́n tún fi ń yangàn ni o! Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó ń lọ yunifásítì ní Dublin, ṣé ẹ rò pé inú àpótí lẹ tì í mọ́? Ọtí ńkọ́? Ṣé omi ni wọ́n ń mu ní Dublin tí ẹ wà yẹn? Ní Granada, bí èèyàn bá ra nǹkan mímu, wọ́n á gbé abọ́ oúnjẹ kékeré kan tì í, kò sanwó rẹ̀. Jàrá ni, bí ìgbà tí èèyàn ra ìrẹsì lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi jàrá yẹn ṣe oúnjẹ alẹ́, aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni wọ́n sì ń jẹun alẹ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá pè é lágogo mẹ́wàá tí ẹ gbọ́ ariwo àwo àti ti èèyàn, oúnjẹ ló ń jẹ. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó mọ̀ nípa ọkùnrin, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ fún un kó tó lọ, lójúkojú, kí ẹ má fi rán pásítọ̀.

Wàyí o. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yín tí ẹ sọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: ta ni yóò máa mú àbúrò rẹ̀ lọ síléèwé. Àbúrò mi, ibẹ̀ yẹn ni gbogbo lẹ́tà yín wà.

Láti ìgbà wo ni ọmọ yìí ti ń ṣe ìyá kejì nínú ilé yẹn? Mo ń fojú inú wò ó. Ẹ jáde nírọ̀lẹ́, òun ló ń gbé oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀, òun ló ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, òun ló ń ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, kí bàtà tó kúrò lẹ́sẹ̀ yín, ó ti mú un dé iléèwé, ó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kíláàsì tirẹ̀. Mi ò bá yín wí. Èèyàn kan ṣoṣo, owó ilé Dublin, ọmọ méjì. Bàbá wọn, ẹ ò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò ní bèèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ ohun tí lílọ òun máa dá sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá tọrọ ààyè, ẹ máa wo àbúrò òun, òun náà á wò ó, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi buwọ́ lùwé kó tó la ẹnu. Kò ṣe dáadáa. Kò yẹ kó jẹ́ orí tábìlì lẹ ti máa gbọ́ ọ, ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó dùn yín. Àmọ́ ìyẹn lọ́tọ̀, kó lọ tàbí kó má lọ, lọ́tọ̀.

Èmi fúnra mi, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí n tó sọ fún ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Èmi ni mò ń bá a ru ẹrù àdìrẹ rẹ̀ lọ sí ọjà Ìtòkú. Odindi ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìró odó ló jí mi. Ata ló ń gún fún mi, ìgò méjì. Ìgbà tí èmi náà di ìyá ọmọ ni mo tó mọ̀ pé ní ọjọ́ méjì tí kò fọhùn yẹn, ẹni tó máa bá a ru ẹrù ló ń rò.

Ẹ̀yin náà, ẹ wá ẹni tó máa bá yín ru ẹrù. Nǹkan bí ogún ọ̀sẹ̀ ni, Kérésìmesì sì wà láàárín. Wọ́n máa ń gba ìsinmi ní Spéìn títí ọdún Ọba Mẹ́ta, 6 January, á fi kọjá, nítorí náà ilé ló ti máa jẹ ìrẹsì Kérésì kó tó padà lọ ṣe ìdánwò. Òfin kan wà ní Ireland láti 2023, Work Life Balance Act. Ẹni tó bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ pé kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ òun padà torí ìtọ́jú ọmọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ẹ̀tọ́ láti béèrè ni, kò pọn dandan kí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì, wọn ò kàn lè ju ìwé yín sínú dúrọ́ọ̀. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ni kí ìwé ti dé ọwọ́ wọn, torí náà ẹ kọ ọ́ kí June tó parí. Ẹ ní iṣẹ́ ọ̀sán lẹ fẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó máa parí sí i. Ọ̀gá máa ń tètè gba ohun tó bá ti mọ ibi tó máa dúró.

Bí wọ́n bá fún yín ní ìdajì, tó ku alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, obìnrin mélòó ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nínú ìjọ yín? Kí ọmọkùnrin yín sùn nílé ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí tiẹ̀ náà wá sùn nílé yín lọ́jọ́ Ẹtì. Àwa tí a ń dá àjọ owó káàkiri ayé, ṣé àjọ ọmọ la ò wá lè dá? Pásítọ̀ tó ní kí ẹ gbàdúrà, ẹ ní kó bá yín kéde rẹ̀.

Owó ńkọ́? Erasmus ń fún wọn lówó, ṣùgbọ́n kò tó gbọ́ bùkátà tán. Apá tó pọ̀ jù ni wọ́n sábà máa ń san ṣáájú, ìyókù á dúró dìgbà tó bá kó ìwé rẹ̀ pé. Àfikún 250 yúrò lóṣù wà fún àwọn tí agbára ilé wọn ò tó. Kó lọ bèèrè ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó wọn bóyá ó kan òun, kó má tijú. Owó yàrá ní Granada kéré púpọ̀ sí ti Dublin, àmọ́ ọ̀fẹ́ ló ń gbé lọ́dọ̀ yín, kó má fi ìyẹn tàn yín. Ẹ̀yin náà á ní láti fi nǹkan kún un.

Lórí ọ̀rọ̀ yàrá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bá Erasmus lọ sí Ítálì. Ó rí yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fótò rẹ̀ dára bí ti ìyàwó ọ̀sìngín, ó fi owó oṣù méjì ránṣẹ́. Nígbà tó gbé àpótí dé ibi àdírẹ́sì náà, ilé ìtajà oògùn ló bá níbẹ̀. Kò tiẹ̀ ya àwọn olóògùn lẹ́nu. Òun ló ṣe ẹnì kẹta lọ́dún yẹn. Kí ọmọ yín lo ọ̀sẹ̀ kan ní hostel, ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú, kó fi ojú ara rẹ̀ rí yàrá, kó tó yọ owó.

Bó bá ní ìwé ìrìnnà Ireland, kò nílò físà, àmọ́ tó bá ti máa lé ní oṣù mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Spéìn. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan ló ní, físà ni o, kó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Káàdì ìgbélùú Ireland ò ṣí ilẹ̀kùn Spéìn. Kó gba káàdì ìlera Yúróòpù lọ́wọ́ HSE, àjọ ìlera ìjọba Ireland, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ sì di aṣọ òtútù fún un. Àwọn tó ń sọ pé Spéìn gbóná, etí òkun ni wọ́n ń sọ. Òkè Sierra Nevada tí yìnyín ń bò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Granada, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ò sì móoru tó ti Dublin ní December.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó tí wọ́n jọ ń lọ ò ní ronú kàn. Ọlọ́pàá lè dá ọmọ tiwa dúró béèrè ìwé níbi tí wọn ò ti ní wo àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ibẹ̀ sì ni pé kí àlejò mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Bó bá jẹ́ ọmọ Ireland, kó gba passport card, káàdì kékeré tó ń wọ pọ́ọ̀sì, kó fi ìwé ńlá sílẹ̀ sínú yàrá. Ẹ bá a sọ ọ́ láìfi dẹ́rù bà á. Ẹ̀yin náà ti rí i rí, ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Lálẹ́ tí ẹ ò bá ti ní lọ síbi iṣẹ́, ẹ se oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti gbà kó lọ, pé ohun tó ṣe dùn yín, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo òwúrọ̀ tó ti mú àbúrò rẹ̀ dé iléèwé. Mo fura pé kò sẹ́ni tó tíì kí i fún ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin náà jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan òun náà. Bó bá sunkún, ẹ fi fóònù wo iye tíkẹ́ẹ̀tì Dublin sí Málaga ní ìparí October, nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi. Bíi wákàtí mẹ́ta ni lófuurufú. Bọ́ọ̀sì láti Málaga dé Granada ò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú tí kì í ṣe ti ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó?