Ìbéèrè Yín: Kí Ni Àwọn Òrìṣà Maya Ń Fi Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn Ṣe?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á pé àwọn ènìyàn Maya láyé àtijọ́, ní Mẹ́síkò àti Guatemala, máa ń gún ahọ́n ara wọn kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde fún àwọn òrìṣà wọn. Kí ni ìdí rẹ̀? Ṣé òótọ́ sì ni pé kàlẹ́ńdà wọn sọ pé ayé yóò parẹ́ lọ́dún 2012? – Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà nípa ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò lè yé wa àfi bí a bá kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn Maya fi gbà pé a dá ọmọ ènìyàn. Àwọn K'iche', tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Maya kan ní ilẹ̀ olókè Guatemala, kọ ìtàn náà sínú Popol Vuh ní nǹkan bí ọdún 1555. Àwọn ẹlẹ́dàá ń wá ẹni tí yóò máa pe orúkọ wọn, tí yóò máa ka ọjọ́ wọn, tí yóò sì máa bọ wọ́n. Wọ́n dá ẹranko, igbe lásán ni ẹranko ń ké. Wọ́n fi ẹrẹ̀ mọ ènìyàn, omi sọ ọ́ di yẹ́pẹrẹ. Wọ́n fi igi gbẹ́ òmíràn. Àwọn yìí ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bímọ, ṣùgbọ́n wọn kò rántí ẹni tí ó dá wọn, ni ìkún omi bá pa wọ́n run, tí ìkòkò àti ọlọ inú ilé wọn pàápàá sì dìde sí wọn. Ìgbà tí ìyá àgbà Xmucane lọ àgbàdo funfun àti èyí tí ó pọ́n lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n tó rí ẹran ara ènìyàn gidi mọ. (Àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ yìí, apá ibẹ̀ náà ni ó ti wá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.)

Gbèsè ni ìyè, nígbà náà. Àwọn òrìṣà fi oúnjẹ dá ènìyàn, Chaak, òrìṣà òjò, sì ń rọ̀jò sórí oko rẹ̀. Ó di dandan kí ènìyàn náà bọ́ àwọn tí ń bọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ ọba àti ti àwọn ìjòyè sì ni ó níye lórí jù. Ní Yaxchilán, ìlú Maya àtijọ́ kan ní Mẹ́síkò, òkúta gbígbẹ́ kan, tí ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, fi Olorì K'abal Xook hàn níbi tí ó ti ń fa okùn ẹlẹ́gùn-ún gba inú ahọ́n rẹ̀ kọjá lọ́dún 709, tí ọba, ọkọ rẹ̀, di ògùṣọ̀ mú lójú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ń kán sórí ìwé tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sun, kí èéfín rẹ̀ lè gbé ẹbọ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà. Èmi kò ní fi pa mọ́ pé wọ́n ń fi ènìyàn rúbọ pẹ̀lú, nítorí a rí egungun ọmọdé àti àgbà nínú kànga ńlá ìlú wọn àtijọ́ kan, Chichén Itzá. Síbẹ̀, ó bà mí nínú jẹ́ pé èyí nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo, tòlótòló àti tùràrí kópálì náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ.

Ní ti ọdún 2012, kò rí bẹ́ẹ̀. Sáà ńlá kan tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 3114 ṣáájú ìbí Kristi ni ó pé ní oṣù Kejìlá ọdún náà, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Àkọlé kan ní Palenque, ìlú wọn àtijọ́ mìíràn, tilẹ̀ ka ọjọ́ dé ọdún 4772. Diego de Landa, àlùfáà ọmọ Sípéènì, sun ọ̀pọ̀ ìwé wọn ní ìlú Maní lọ́dún 1562, mẹ́rin péré ni ó sì kù lónìí. Kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ 260 kò bá wọn jóná: títí di òní, àwọn ajq'ij, ìyẹn àwọn tí ń ka ọjọ́ ní Guatemala, ṣì ń tẹ̀ lé e láti mọ ọjọ́ tí ó yẹ fún ìrúbọ, ìgbéyàwó tàbí ìrìn àjò.