Ọmọ mi fẹ́ mú mi lọ sí ojúbọ ní Japan

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tí ó ń kàwé ní Tokyo ní òun yóò mú mi lọ sí ojúbọ Meiji nígbà tí mo bá lọ kí i ní oṣù kẹfà. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò fẹ́ bọ ohun tí n kò mọ̀, n kò sì fẹ́ tàbùkù àwọn onílé. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá kan, Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ lè wọ ibẹ̀ láìbọ ohunkóhun, nítorí pé wọn kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ àlejò, kò sì sí ẹni tí yóò fi dandan mú yín tẹrí ba. Ìwà ọ̀wọ̀ tí ẹ̀yin ará Ìkéré ń retí lọ́wọ́ àlejò tí ó bá wá sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta ni àwọn náà ń retí.

Ẹ ó kọ́kọ́ kan ẹnu ọ̀nà onígi ńlá tí wọ́n ń pè ní torii. Àwọn onílé a máa tẹrí ba díẹ̀ kí wọ́n tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n sì ń tọ̀, nítorí pé àárín jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ń bọ. Níbi omi, ọwọ́ òsì ni a ń kọ́kọ́ ṣàn, lẹ́yìn náà ọwọ́ ọ̀tún. Àtẹ́lẹwọ́ òsì ni a sì ń bu omi sí láti fi yọ ẹnu, a kì í gbé igbá ìbumi náà kan ẹnu rárá. Níwájú ilé ìjọsìn, wọn a sọ owó sínú àpótí, wọn a tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, wọn a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Àdúrà gan-an nìyí. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ dákẹ́, kí ẹ má sì ya fọ́tò níbẹ̀.

Igbó ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ Èkìtì, igbó tí àwọn baba wa kò jẹ́ kí a fi àdá kàn ni igbó ọ̀wọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbin tiwọn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ojúbọ yìí ní ìrántí Ọba Meiji àti aya rẹ̀ Shoken, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1920, nǹkan bí 100,000 igi ni àwọn ará ìlú fi ṣọrẹ láti ibi gbogbo ní Japan. Wọ́n ṣètò gbígbìn wọn kí igbó náà lè máa hù fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tún ń gbin òmíràn. Títí di òní, ewé tí àwọn agbálẹ̀ bá gbá lójú ọ̀nà, inú igbó ni wọ́n ń dá a padà sí, kí ó lè di ọ̀rá ilẹ̀.

Ẹ má ṣe fo ọgbà inú náà, bí wọ́n tilẹ̀ ń gba owó díẹ̀ níbẹ̀, torí oṣù kẹfà gan-an ni àwọn òdòdó elése àlùkò etí omi rẹ̀ máa ń tanná. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí ojú ọ̀nà náà, ó sì jìn.