Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Oníkẹ̀kẹ́: Kẹ̀kẹ́ àlòkù mi, gbogbo ara ẹ̀ ló ń dún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ra mountain bike àlòkù kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní òun ò ráyè gùn ún mọ́. Níbi tí mo ti lọ wò ó, ó ń dán, inú mi dùn, àfìgbà tí mo gùn ún délé tí gbogbo ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ṣéènì ń fò bí mo bá ti ń gun òkè, bíréèkì ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pààrọ̀ ṣéènì, èkejì ní kí n pààrọ̀ gbogbo gíà, ẹ̀kẹta ní kí n yáa tà á. Èmi fẹ́ kọ́ bí mo ṣe máa tún un ṣe fúnra mi ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Aláàlòkù)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má tà á, má sì tíì ra nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yẹn nínú wọn?

Fọ̀ ọ́ ná. Mo mọ̀ pé ó máa dà bíi pé mò ń fi ẹ́ ṣeré, àmọ́ omi, ọṣẹ ìfọbọ́, búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti àkísà nirinṣẹ́ ẹ àkọ́kọ́. Má lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde o, torí omi yẹn máa wọ inú béárìn, á sì gbá gírísì tó wà níbẹ̀ dànù. Ohun tí mo fi ní kó o fọ̀ ọ́ ni pé bó o bá ń fọ̀ ọ́ ọwọ́ ẹ á kan gbogbo ibi tó wà lára ẹ̀, ojú ẹ á sì rí ohun tí ẹrẹ̀ ti bò látọjọ́ yìí. Wo àwọn ojú ibi tí wọ́n ti jó irin férémù pọ̀ dáadáa: lẹ́yìn ibi tí fọ́ọ̀kì iwájú ti wọ férémù, abẹ́ ibi tí apá pẹ́dàlì gbà kọjá, àti ibi tí òpó ìjókòó ti wọlé. Bó o bá rí ìlà tín-ín-rín bí irun, fi èékánná fà á kọjá. Tí kò bá kọ́ ẹ léèékánná, ó lè jẹ́ ọ̀dà ló họ lásán. Tó bá kọ́ ẹ, dúró níbẹ̀, má gùn ún mọ́, gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Férémù tó ti sán kì í ṣe nǹkan tá a fi ń kọ́ṣẹ́.

Tó bá ti gbẹ, ká wá ibi tí kọ̀-kọ̀-kọ̀ yẹn ti ń wá. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ bíréèkì iwájú mọ́wọ́ kí táyà má lè yí, fi ìka ọwọ́ kejì lé ojú ibi tí fọ́ọ̀kì ti wọ férémù, kó o wá máa ti kẹ̀kẹ́ yẹn síwájú, fà á sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan bá ń mì lábẹ́ ìka ẹ, ọrùn kẹ̀kẹ́ ló tú. Àwọn bóòtù ẹ̀gbẹ́ tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọrùn lo máa kọ́kọ́ dẹ̀, lẹ́yìn náà kó o fún bóòtù kan ṣoṣo tó wà lókè pátápátá, díẹ̀ báyìí, títí mímì yẹn á fi dáwọ́ dúró tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á ṣì máa yí wẹ́rẹ́, kó o tó wá padà fún àwọn ti ẹ̀gbẹ́. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ ọ, ti òkè nìkan ni mò ń fún, mo fún un fún un títí ọwọ́ mi fi bó, kò sì yí nǹkan kan padà torí pé ti ẹ̀gbẹ́ ló di gbogbo ẹ̀ mú.

Tí kì í bá ṣe ọrùn, di apá pẹ́dàlì méjèèjì mú kó o máa mì wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Bó bá jẹ́ apá kan ló ń mì, bóòtù ẹ̀ ló dẹ̀, fún un lónìí yìí kó tó ba ojú ihò ẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ méjèèjì ló ń mì pọ̀, béárìn àárín ló ti jẹ. Táyà náà, di orí ẹ̀ mú, tì í sápá férémù, tó bá ń ṣe jẹ́gẹjẹ̀gẹ àárín ẹ̀ ló fẹ́ àtúnṣe. Gbogbo àyẹ̀wò yìí ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì ná ẹ ní nǹkan kan.

Ó wá ku ṣéènì. Wá rúlà tó ní ínṣì. Láti pin kan sí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdajì ínṣì, nítorí náà bó o bá fi òdo rúlà sí àárín pin kan, àárín pin kan gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlà ínṣì 12 géérégé. Fà á kó le kó o tó wọ̀n ọ́n. Bí pin yẹn bá ti kọjá ìlà 12 ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì, ó ti tó àkókò láti pààrọ̀ ṣéènì. Tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì kọjá, ṣéènì ti fi eyín gíà ẹ̀yìn jẹun, tó o bá wá gbé ṣéènì tuntun lé àwọn eyín yẹn á túbọ̀ máa fò ni. Àwọn èèyàn máa ń ní ṣéènì "ti fà" bíi rọ́bà, irin kankan ò fà níbẹ̀ o, inú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ni pin ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ka tó lé ní 100 sì ni, díẹ̀ díẹ̀ yẹn ló ń di púpọ̀. Kó o tó gbà pé ó ti jẹ ṣá, yí pẹ́dàlì sẹ́yìn jẹ́jẹ́, kó o tẹjú mọ́ ibi tí ṣéènì ti ń gba àárín wílì kékeré méjì tó wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀ gíà. Bí ẹ̀ka kan bá ń ta gìrì tó bá débẹ̀, ó ti gan ni, kán epo sí i kó o fọwọ́ méjèèjì máa tẹ̀ ẹ́ síbí sọ́hùn-ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni gbogbo wàhálà ẹ.

Epo ṣéènì: kán kan sórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, jẹ́ kó wọlé, kó o wá fi àkísà nu ìta ẹ̀ gbẹ. Èyí tó wà níta ò wúlò fún nǹkan kan ju kó máa kó iyanrìn. WD-40 inú agolo tí gbogbo ayé ní nílé dáa láti fi lé omi àti láti tú ohun tó dípẹtà, àmọ́ kì í pẹ́ gbẹ lára ṣéènì, má fi ṣe epo ẹ.

Bíréèkì tó ń ké, tó bá jẹ́ ti díìsìkì (irin pẹlẹbẹ róbótó tó wà láàárín táyà, tí páàdì ń fún mọ́ra), mo fura sí epo. Ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ tó ń dán yẹn fún ẹ, kí ló fi dán an? Fi sípírítì àti aṣọ funfun nu díìsìkì títí aṣọ ò fi ní dọ̀tí mọ́, yọ páàdì, fi sáńdípépà ha ojú wọn díẹ̀. Páàdì tí epo ti wọ̀ lára tàbí tí ohun tó kù lójú ẹ̀ ò tó mìlímítà kan, pààrọ̀ ẹ̀. Tó o bá sì yọ táyà, jọ̀ọ́, má tẹ bíréèkì tó ń lo epo rárá, páàdì méjèèjì á pàdé, wàá wá máa fi nǹkan pẹlẹbẹ là wọ́n bí ẹni ń la ẹnu ìgbín. Epo inú ẹ̀ náà, má ṣe é ní ìdánwò: bíréèkì ilé iṣẹ́ Shimano ń lo epo tí wọ́n ń pè ní mineral oil, ọ̀pọ̀ ti ilé iṣẹ́ SRAM ń lo oríṣi míì tí wọ́n ń pè ní DOT, bó o bá da ọ̀kan sínú èkejì rọ́bà inú ẹ̀ á bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ́dàlì òsì ò tú. Mo ti fi sípánà 15 sí i, mo ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo ti fi òòlù lù ú. Ṣé ó ti dípẹtà ni? (Ọwọ́ Ti Bó)

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ o. Ò ń fún un ni. Òdìkejì ni wọ́n gé ojú ìlà pẹ́dàlì òsì, bí aago ṣe ń lọ lo máa yí i kó tó tú. Kó o má baà máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì: sípánà dúró sókè, kó o yí i sápá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa tú. Fi gírísì sójú ìlà ẹ̀ kó o tó dá a padà, kó o sì sinmi òòlù yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ o. Ìyá ọmọ ni mí, èmi ni mò ń tún kẹ̀kẹ́ ọmọ mi ṣe, torí ẹni tí mo bá gbé e fún máa kàn yí súkúrú ni. Bó bá ti fi sí gíà tó tóbi jù lẹ́yìn, ṣéènì á bọ́ sáàárín gíà àti sípóòkù. Súkúrú méjì ló wà lára nǹkan yẹn, mo ti yí méjèèjì títí ó ti sú mi.

ÌDÁHÙN: Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọmọ o. Ẹ fi súkúrú sílẹ̀ ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú kan wo derailleur, ìyẹn nǹkan tí súkúrú méjì yẹn wà lára ẹ̀, tó ń gbé ṣéènì láti gíà kan sí òmíràn: ṣé wílì kékeré méjì yẹn àti eyín gíà tó wà lókè wọn wà lórí ìlà kan náà, àbí ìsàlẹ̀ ti tẹ̀ wọlé sápá sípóòkù? Tó bá ti tẹ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré tó gbé e kọ́ lára férémù ló ti wọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irin yẹn ní rírọ̀ ni, kó lè jẹ́ pé tí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú sápá ọ̀tún òun ló máa tẹ̀, kì í ṣe férémù. Mo ra derailleur tuntun nígbà kan nítorí irú ẹ̀, mo dì í mọ́ irin tó ti wọ́, ó ń ṣe bíi ti àtijọ́ gan-an, mo tún ń bú ẹni tó tà á fún mi. Irin yẹn ṣeé pààrọ̀ lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, àmọ́ irú ti férémù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹ mú ti àtijọ́ dání tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà.

Tó bá tọ́, ẹ wá súkúrú tí wọ́n kọ L sí lára. Ẹ gbé ṣéènì sórí gíà tó tóbi jù, kẹ́ ẹ yí L wọlé díẹ̀díẹ̀ títí derailleur ò fi ní lè kọjá ibẹ̀ sápá sípóòkù. Súkúrú kejì, H, ń ṣọ́ gíà tó kéré jù, ẹ̀bi kankan ò sí lọ́wọ́ tiẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ó ń lọ́ra kó tó gun gíà tó tóbi, ti wáyà nìyẹn, kì í ṣe súkúrú: ẹ yí kókó tí wáyà gbà wọlé sí òdìkejì aago, ìdajì yíyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ tó tún yí i.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni gírísì? Ẹni tó ń kọ́ mi ní ká máa fi sí ibi gbogbo.

ÌDÁHÙN: Ibi gbogbo kọ́ o. Ojú ìlà pẹ́dàlì, ojú bóòtù, òpó ìjókòó tó jẹ́ irin nínú férémù irin, inú béárìn tó ṣeé ṣí. Tí òpó tàbí férémù bá jẹ́ carbon (kì í ṣe irin, ohun fífúyẹ́ míì ni), ó ní nǹkan tiẹ̀ tí wọ́n ń pa sí i, gírísì á jẹ́ kó máa yọ̀ wálẹ̀. Díìsìkì àti páàdì, má tiẹ̀ gbé e súnmọ́ wọn. Ṣùgbọ́n má fojú kékeré wò ó. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré mountain bike ní Marin County ní Kalifóníà, kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ti gbó ni wọ́n ń gùn sọ̀kalẹ̀ orí òkè, bíréèkì tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn á gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì á fi jó di èéfín, wọ́n á sì ní láti tú u kí wọ́n kó tuntun sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976 ní Repack, ìyẹn "tún kó o sí i". Tìẹ ò ní jó báyẹn. Tú béárìn ẹ wò lẹ́yìn àkókò òjò, tí gírísì ẹ̀ bá ti dúdú tó sì ń ha ọwọ́ bí iyanrìn, nu gbogbo ẹ̀ kúrò, ka iye bọ́ọ̀lù tó jáde, kó o tó kó tuntun sí i.