Ẹ̀tọ́ Ìrun, Ẹ̀tọ́ Ìyàwó àti Bọ́ọ̀lù Wíwò

Ìbéèrè: Asalamu alaykum, Àlùfáà wa. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta, èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 9. Arsenal ni mò ń tẹ̀lé, ilé ìwòran ni mo sì máa ń wà ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìyàwó mi ní haramu ni bọ́ọ̀lù wíwò, pé mo ti fẹ́ bọ́ọ̀lù lé òun. Mò ń kí ìrun mi o, àmọ́ tí eré bá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, mo máa ń so Mọ̀gàríbì pọ̀ mọ́ Ìṣáì tí mo bá délé. Mo sì máa ń fi ₦200 ta tẹ́tẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni ẹ̀sìn wí?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san pé ẹ kò fi ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yẹn pamọ́.

Bọ́ọ̀lù wíwò fúnra rẹ̀ kì í ṣe haramu. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé Súrà Nahl, āyà 116, kọ̀ fún wa láti máa sọ pé halali lèyí, haramu lèyí, láìní ẹ̀rí. Àmọ́ ẹ má tíì yọ̀. Ẹ̀rí tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sábà máa ń mú wá ni hadiisi (ìtàn ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe Ànábì) tó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim: àwọn ará Habaṣa (ilẹ̀ Ethiopia) ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí Mẹdina, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì jẹ́ kí Aisha ìyàwó rẹ̀ wò wọ́n. Ẹ̀rí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń wòran nínú hadiisi náà? Aisha ni. Ànábì ló dúró tì í, tó fi aṣọ rẹ̀ bò ó, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ìran náà fi sú Aisha fúnra rẹ̀. Ọkọ tó yọ̀ǹda àkókò rẹ̀ kí inú ìyàwó rẹ̀ lè dùn ni hadiisi yìí ń sọ. Ẹni tó bá wá gùn lé e láti fi ìyàwó sílẹ̀ nílé láti ọ̀sán di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ti dojú rẹ̀ délẹ̀.

Wọ́n tún bi Aisha léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé. Ó ní ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí àkókò ìrun bá sì tó, á jáde lọ kírun. Iṣẹ́ ilé àti àkókò ìrun: ibi méjèèjì yìí gan-an ni bọ́ọ̀lù yín ti ń gé jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìrun. Láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá títí di èyí tó kẹ́yìn Oṣù Kẹta, aago Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Eré 5:30 ọjọ́ Sátidé lọ́dọ̀ wọn ti di 6:30 lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ sì ni oòrùn máa ń wọ̀ n'Íbàdàn láàárín 6:20 sí 7:00 nígbà náà. Ìṣẹ́jú 45 lọ́nà méjì, ìsinmi ìṣẹ́jú 15, àti àfikún: kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn, aago 8:20 ti ń lọ. Mọ̀gàríbì kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Bíi wákàtí kan lé díẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, nígbà tí pípọ́n ojú sánmà bá ti pòórá, Ìṣáì ti wọlé.

Síso ìrun méjì pọ̀ wà fún arìnrìn-àjò àti aláìsàn, mazhab Maliki (ilé ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn ti Imaamu Malik) sì gbà á ní mọ́ṣáláṣí nígbà òjò. Ẹnìkan lè mú hadiisi Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, wá, pé Ànábì so ìrun pọ̀ ní Mẹdina láìsí ẹ̀rù tàbí òjò. Nígbà tí wọ́n bi Ibn Abbas léèrè ìdí rẹ̀, ó ní kí ìjọ má baà kó sí ìnira ni. Góòlù tí a kò fẹ́ kó kọjá lójú wa kì í ṣe ìnira. Nítorí náà, tí ìpè bá ti dún, ẹ dìde. Àlùwàlá, rakaa 3 pẹ̀lú jámọ́ọ̀, lílọ àti bíbọ̀, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má sọ pé ẹ ó kí i nígbà ìsinmi. Ó ṣeé kí lóòótọ́, àmọ́ omi àlùwàlá lè má sí nítòsí, àríyànjiyàn lórí eré á sì gbé yín títí wọn á fi padà wọ pápá.

Eré aago mẹ́ta wọn náà ti di mẹ́rin tiwa. Àlàásárì máa ń wọlé nítòsí aago mẹ́rin, ẹ kí i kí ẹ tó jókòó. Ànábì sọ pé ẹni tí Àlàásárì bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ dà bí ẹni tí wọ́n gba ará ilé àti dúkìá rẹ̀. Eré Champions League tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kì í parí kí aago mọ́kànlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, Àsùbáà ló sì máa ń san gbèsè rẹ̀. Nínú hadiisi Abu Barzah, Ànábì kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn Ìṣáì. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè jí, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ wo àwọn góòlù rẹ̀ láàárọ̀.

Tẹ́tẹ́ haramu pátápátá, ì báà ṣe ₦200, ì báà ṣe ₦20. Súrà Mā'ida, āyà 90 àti 91, kà á mọ́ ọtí. Ẹ yọ áàpù rẹ̀ kúrò lórí fóònù lónìí. Ànábì ní ẹni tó bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ta tẹ́tẹ́, kí ó ṣe sàráà. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Owó tí ẹ bá ti jẹ nínú rẹ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́, ẹ kó o fún àwọn aláìní láìretí láádá.

Ní ti ilé, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Eré líìgì tí ẹgbẹ́ yín ń gbá lọ́dún kan jẹ́ 38. Tí ìkọ̀ọ̀kan bá gba wákàtí méjì, wákàtí 76 ni, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Èyí kò tó ohun tí ń da ilé rú. Eré àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tiyín ló ń jẹ òpin ọ̀sẹ̀ tán: mẹ́ta ní Sátidé, méjì ní Sọ́ńdè, wákàtí mẹ́wàá ti lọ. Ẹ mú tiyín nìkan. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ sọ aago rẹ̀ fún ìyàwó yín, kí ẹ bi í léèrè ohun tí òun náà fẹ́ lọ ṣe, kí ẹ sì di àwọn ọmọ mú nígbà tó bá jáde. Tí ẹgbẹ́ yín bá fìdí rẹmi, ẹ má gbé ìbínú wọlé. Ẹ ṣe àlùwàlá níta, kí ẹ tó kí wọn.

Ọmọ ọdún 9 yẹn ti kọjá ọdún 7 tí Ànábì ní ká máa pa ọmọ láṣẹ ìrun. Tó bá rí i pé bàbá òun jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ìpè ń dún, kò sí ìwáàsù tí ẹ lè fi pa á rẹ́. Tí ẹ bá ń wo eré nílé, òun ni kí ẹ fún ní rímóòtù: tí ìpè bá dún, òun ni yóò pa á, ẹ̀yin méjèèjì á jọ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Àwọn Mọ̀gàríbì tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé kọjá àkókò wọn, ẹ ti kí wọn, a kò ní kí ẹ tún wọn kí. Túúbà ni ó kù, kí ẹ sì jáwọ́ láti Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Allāhu ló mọ̀ jùlọ.