Kí ló mú kọ́ọ̀dù mẹ́jọ̀ yàtọ̀ sí máínọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù?

Àlàfo tó wà láàárín nóòtì kan sí èkejì, nínú àwọn nóòtì tá a tẹ̀ pa pọ̀ tó di kọ́ọ̀dù, ló fà á: mẹ́jọ̀ máa ń ka kíì 4 kó tó ka 3, máínọ̀ ní tiẹ̀ máa ń ka 3 kó tó ka 4. Ẹ ka gbogbo kíì, funfun àti dúdú, ẹ má fo ìkankan, àmọ́ ẹ má ka èyí tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká lo C. Tẹ́ ẹ bá ka 4 láti C ẹ ti dé E, ẹ ka 3 sí i ẹ ti dé G, C mẹ́jọ̀ nìyẹn, d m s táwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ dáadáa. Ẹ wá fa E yẹn sẹ́yìn sórí kíì dúdú tó tẹ̀ lé e, ìyẹn E flat, ó ti di C máínọ̀ nìyẹn, C àti G ò kúrò níbi tí wọ́n wà rárá, nóòtì àárín nìkan ló yí ohùn ẹ̀ padà, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn fetí sí jù.

3 àti 3 ni kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní diminished, 4 àti 4 ni èyí tí wọ́n ń pè ní augmented. Tẹ́ ẹ bá fi 3 mìíràn lé orí mẹ́jọ̀, ó di dominant seventh: C, E, G, B flat, èyí tó máa ń fẹ́ balẹ̀ sórí kọ́ọ̀dù F.

Àmọ́ tó bá jẹ́ E ló wà nísàlẹ̀ dípò C, kíkà yẹn á yí padà, C mẹ́jọ̀ náà ṣì ni.