Ẹ Bi Wá Lórí Orin: Àwo Greatest Hits Kenny Rogers

Lẹ́tà márùn-ún tó dé sí wa lóṣù yìí, orí àwo kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dá lé: Greatest Hits tí Kenny Rogers, ọmọ Houston ní Texas, gbé jáde ní 1980. Àwo tó tà ju mílíọ̀nù 10 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan, ìbéèrè lórí rẹ̀ kò lè tán.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Torí orin Islands in the Stream tí Kenny àti Dolly Parton jọ kọ ni mo ṣe ra àwo yìí. Mo gbọ́ ọ tán pátápátá, orin náà kò sí níbẹ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? (Olùkà, Ìbàdàn)

Kì í ṣe ayédèrú o. Ọdún 1980 ni àwo yín jáde. 1983 ni Kenny àti Dolly ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ Islands in the Stream. Nígbà yẹn, Kenny ti kúrò ní Liberty, iléeṣẹ́ tó ṣe àwo tó wà lọ́wọ́ yín, ó ti bọ́ sí iléeṣẹ́ RCA.

Ohun tó ń da àwọn olùrà láàmú ni pé àkójọ Kenny kì í ṣe ẹyọ kan, orúkọ wọn sì jọra. Ten Years of Gold ti jáde ṣáájú ní 1977, Twenty Greatest Hits tẹ̀ lé e ní 1983, òmíràn sì tún pọ̀ lẹ́yìn wọn. Torí náà, ẹ má ṣe torí àwòrán iwájú páálí sanwó. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka orúkọ orin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti 1980 tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní orin 12. The Gambler ló ṣíwájú, Lady ló tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ orin ti Dolly lẹ ń wá, inú àwo Eyes That See in the Dark ló wà.

Orin Ruby tó wà nínú àkójọ yìí kò dún bí èyí tí a ń gbọ́ nínú àwo bàbá wa tẹ́lẹ̀. Kí ló fà á? (Olùkà, Òṣogbo)

Etí yín kò tàn yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kenny kọ orin yẹn. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1969, nígbà tó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ First Edition, lábẹ́ iléeṣẹ́ Reprise. Nígbà tó dá dúró tó sì lọ sí United Artists, iléeṣẹ́ tó wá di Liberty, ìkáwọ́ Reprise ni téèpù àkọ́kọ́ náà ṣì wà. Bí olórin bá kúrò ní iléeṣẹ́, ó lè tún orin kọ, àmọ́ kò lè gbé téèpù tó fi sílẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi tún Ruby àti Reuben James kọ fún Ten Years of Gold, tí wọ́n sì gbé àtúnkọ náà wá sínú àkójọ 1980.

Bí ẹ bá fẹ́ ti àkọ́kọ́ lórí fóònù, orúkọ tó wà lábẹ́ àkọlé orin ni kí ẹ wò. Kenny Rogers & The First Edition ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Kenny Rogers nìkan, àtúnkọ lẹ fẹ́ gbọ́ yẹn. Ẹ má fọkàn tán ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ọdún tí wọ́n ṣe àkójọ ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀.

Èmi ò fẹ́ràn kántírì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fi àwo yìí sí i, n kì í lè dìde. Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an? (Olùkà, Abẹ́òkúta)

Ìtàn ni. Ẹ mú Lucille, tó jáde ní 1977. Ilé ọtí kan ní Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan bọ́ òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó ń sọ ìtàn sì lọ jókòó tì í. Kò pẹ́, ọkọ obìnrin náà wọlé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí iṣẹ́ oko ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di líle. Gbogbo wa ti rò pé ìjà dé. Kàkà kó jà, ohùn ẹkún ló fi sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti ohun ọ̀gbìn tó wà lóko. Ọ̀rọ̀ ọkọ yìí ni ègbè orin náà. Ẹ wá wo ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wà: nígbà tí ègbè náà padà dé níparí, ọkọ ti lọ, obìnrin náà wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ ìtàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ kò kúrò lọ́kàn onítọ̀hún, kò sì lè fọwọ́ kan obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò yí padà rárá; ọkàn tó ń gbọ́ ọ ló yí padà.

Lẹ́yìn ìtàn, ohùn. Ohùn Kenny ha díẹ̀, ó sì máa ń kọrin bí ẹni ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó, kì í pariwo, kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Larry Butler tó darí púpọ̀ nínú àwọn orin yìí ní Nashville mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kí ohun èlò bo ìtàn. Nínú The Gambler, gìtá díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ohùn Kenny wà nísàlẹ̀. Bí ìtàn ti ń lọ, gbogbo orin á gòkè díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn elégbè á sì wọlé. Ìgòkè kékeré yẹn ló ń mú kí ara ya gágá, kódà bí ẹ ò bá mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Lady ní tirẹ̀, orin ìfẹ́ ni, kò ní ìtàn. Lionel Richie tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin Commodores nígbà náà ló ṣe é, ó sì darí gbígbà rẹ̀ sílẹ̀. Piano àti gòjé ló gbé e dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nípò kìíní lórí Hot 100, àtẹ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ipò kìíní láàárín àwọn orin kántírì náà. Ẹnu ọ̀nà tí irú yín máa ń gbà wọlé nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbádùn àwo náà dáadáa, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Lucille, kí ẹ fi Coward of the County tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà The Gambler. Ẹ wá lọ sórí Don't Fall in Love with a Dreamer, níbi tí ohùn Kim Carnes ti ha ju ti Kenny gan-an lọ. Long Arm of the Law tó gbẹ̀yìn kò tó àwọn yòókù rárá, ká sọ òótọ́.

Ṣé gìtá tó ń fa ohùn gùn nínú orin kántírì náà ló wà nínú orin Sunny Adé? (Olùkà, Oǹdó)

Òun náà ni. Pedal steel ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tẹ́ ẹ lé orí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, okùn 10 ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn, ọwọ́ òsì di irin róbótó kan mú tó ń yọ́ lórí wọn. Ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dàlì, orúnkún ń ti irin tó wà nísàlẹ̀, èyí á sì fa okùn le tàbí kó dẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì ń dún lọ́wọ́. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ta á fún King Sunny Adé. Ẹ gbọ́ Juju Music ti 1982. Lójú wa, kò yani lẹ́nu pé ó bá jùjú mu, torí ó lè yọ́ láti òkè wá sílẹ̀ bí ohùn tiwa nínú ọ̀rọ̀ sísọ.

Àwo tí mo ra lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó ń ta pá-pá-pá, abẹ́rẹ́ sì ń fò. (Olùkà, Ìlọrin)

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ kán ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan sínú lítà omi kan. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi ni kó jẹ́, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀ tí kò ní ásíìdì. Omi kànga á gbẹ, á sì fi ìdọ̀tí funfun sílẹ̀ nínú ìlà. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún yípo, kí ẹ tẹ̀ lé ìlà, ẹ má dábùú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Ẹ fi omi lásán náà ṣan án, kí ẹ gbé e dúró fún bíi wákàtí kan kó gbẹ.

Bí ó bá ṣì ń fò, ẹ wo ibi tó ti ń fò. Bó bá jẹ́ ojú kan náà nígbà gbogbo, àpá ló wà níbẹ̀. Bó bá ń fò káàkiri, ẹ̀bi ẹ̀rọ ni: bóyá tábìlì kò tẹ́jú, tàbí ìwúwo apá abẹ́rẹ́ kò tó. Gíráàmù kan àtààbọ̀ sí méjì ló bá ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ mu. Ẹ má gbé owó ẹyọ lé e lórí bí àwọn kan ti ń ṣe. Abẹ́rẹ́ á gbẹ́ ìlà náà jẹ, orin Kenny á sì máa rẹlẹ̀ sí i nígbàkígbà tí ẹ bá tún gbé e sí i.