Wọ́n fẹ́ kó ọmọ mi wọ ibojì àwọn ará àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ilé ìwé Káyọ̀dé (ọmọ ọdún 9 ni) fẹ́ kó wọn lọ sí West Kennet ní Wiltshire, ní ilẹ̀ England níbí, wọ́n ní wọn yóò wọ inú ibojì àtijọ́. Màmá wa nílé fàáké kọ́rí, wọ́n ní a kì í mú ọmọdé wọ ilé òkú. Ọmọ ń sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Àbúrò mi, jẹ́ kó lọ. Mo ti kó àwọn tèmi débẹ̀. Wọ́n ti kó egungun tí wọ́n rí níbẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n wa ilẹ̀ ní 1859 àti ní 1955 sí 1956: ó kéré tán ènìyàn 36, lọ́kùnrin, lóbìnrin, lọ́mọdé. Yàrá olókùúta 5 ló kù. Òkìtì tó bo ibojì náà gùn tó mítà 100. Koríko ló bò ó báyìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹfun ni gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ́n, ó lé ní ọdún 5,600 sẹ́yìn, yóò funfun báláú lórí òkè ni. Ká tó sọ̀ kalẹ̀, ẹfun ti kun bàtà dúdú àwọn ọmọ mi.

Èyí tí mo fẹ́ kí o sọ fún Màmá nìyí. Irú ibojì bẹ́ẹ̀ kan wà ní Hazleton, ní Gloucestershire. Wọ́n yẹ DNA òkú 35 wò níbẹ̀, èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Ẹbí kan náà ni 27 nínú wọn, ìran 5! Baálé kan àti obìnrin 4 tó bímọ fún un ló ṣẹ̀ wọ́n. Ìran ìyá méjì wà ní apá kan ibojì náà, ti méjì yòókù wà ní apá kejì. Ìdí igi gan-an, bí wọ́n ṣe pín ogún bàbá bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn. Àwọn ọmọkùnrin kan tí ìyá wọn bí fún ọkùnrin mìíràn náà wà níbẹ̀, wọn ò tì wọ́n síta. Ṣùgbọ́n wọn ò rí ọmọbìnrin ilé tó ti dàgbà; ó jọ pé ilé ọkọ ni wọ́n sin wọ́n sí.

Ṣé Màmá rí i pé ojú oórì ni? Ní ilé wa, ẹ̀gbẹ́ ojú oórì bàbá àgbà la ti ń jẹun.

Kó wọ bàtà tó nípọn o, torí ọ̀nà ibẹ̀ ń gòkè, òjò sì máa ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Nígbà tí àwa dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n fi òkúta ràgàjì dí, mo ní kí àwọn ọmọ kí àwọn onílé ká tó wọlé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o." Sọ fún Káyọ̀dé kó ṣe bẹ́ẹ̀.